Ta Ni Ẹ̀rọ Ń Gbọ́ràn Sí Lẹ́nu? Ìtàn Mẹ́nù Ẹ̀rọ Eré Orí Tẹlifíṣọ̀n láti 1972

Bí bátìrì kékeré inú PlayStation 2 bá ti kú, tí iná sì lọ kí ó tó padà dé, eré kọ́ ni ẹ̀rọ náà máa kọ́kọ́ gbé síwájú ẹni tí ó bá tàn án. Ìbéèrè ni. Ó ń béèrè èdè tí ẹni náà fẹ́, apá ayé tí ó wà, àti ohun tí agogo lù. Ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, níbi tí iná ti máa ń lọ nígbà tó bá wù ú, ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Kì í pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa mọ ìdáhùn náà, tí ojú rẹ̀ kò sì ní ka ohun tí a kọ síbẹ̀ mọ́.

Àwọn tí ń kọ ìtàn eré orí tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń kọ nípa eré fúnra rẹ̀, nípa àwọn tí ó ṣe é, tàbí nípa iye tí ilé-iṣẹ́ rí lórí rẹ̀. Mẹ́nù kì í rí àyè nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń pè ní mẹ́nù níhìn-ín ni ojú tí ẹ̀rọ máa ń fi hàn nígbà tí kò sí eré nínú rẹ̀: ibi tí a ti ń yan èdè, tí a ti ń tún agogo ṣe, tí a ti ń wo ohun tí a tọ́jú pamọ́ tí a sì ti ń pa á rẹ́. Èrò mi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí òpìtàn kọ́kọ́ wò. Eré lè sọ fún wa ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́nù ló ń sọ ohun tí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ láṣẹ láti fi ohun tí ó rà ṣe. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, àṣẹ yẹn ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí mẹ́nù rárá. Nígbà tí Magnavox Odyssey jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972, káàdì ni a ń kì bọ inú rẹ̀ láti pààrọ̀ eré, a sì ń lẹ ike aláwòrán mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n kí pápá tàbí ilé lè hàn. Ẹ̀rọ náà kò mọ iye àmì ayò tí ẹnikẹ́ni ní. Àwọn tí ń ṣeré ni wọ́n ń kà á fúnra wọn. Fairchild Channel F, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá 1976, ni mo kà sí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó bá ẹni tí ó tàn án sọ̀rọ̀. Jerry Lawson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà. Eré méjì, tẹ́níìsì àti họ́kì, wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ láìfi nǹkan kan bọ inú rẹ̀, bí a bá sì tàn án, lẹ́tà G àti àmì ìbéèrè ni yóò yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Eré wo? Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì kan tún wà níbẹ̀ tí ó ń dá eré dúró sójú kan, kí ènìyàn lè yí àkókò tàbí ìyára rẹ̀ padà kí ó tó máa bá a lọ. Lónìí, gbogbo ọmọdé tí ìyá rẹ̀ bá pè nígbà tí ó ń ṣeré mọ ìwúlò bọ́tìnnì yẹn.

Atari gbé tirẹ̀ jáde ní 1977, ó sì fi ohun gbogbo sí ara ẹ̀rọ níta. Ọ̀pá kékeré mẹ́fà ni: ọ̀kan ń tan ẹ̀rọ, ọ̀kan wà fún tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tàbí aláìláwọ̀, méjì ń pinnu bí eré yóò ṣe le tó fún ẹni ọwọ́ òsì àti ẹni ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ń yan eré, ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Eré Combat tí ó bá ẹ̀rọ náà wá ní oríṣi 27, ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ni ojú tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn. Ìwé tí ó wà nínú páálí ló ń sọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù á máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

Ẹ̀rọ wọ̀nyí kò rántí nǹkan kan. Bí a bá pa wọ́n, gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ti parẹ́. Wọn kò sì mọ ẹni tí ó ni wọ́n. Famicom ti Nintendo (1983) náà kò ní mẹ́nù tirẹ̀. Eré tí a bá kì bọ̀ ọ́ ni yóò hàn. Ọgbọ́n kékeré kan tí ó dùn mọ́ mi ni ti Master System ti Sega: bí kò bá sí eré nínú rẹ̀, tí ènìyàn sì tẹ òkè pẹ̀lú bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀ nígbà tí ó ń tàn án, eré kan nípa ìgbín tí ó ń wá ọ̀nà jáde yóò yọ. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹnu dé ẹnu ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń rìn láàárín àwọn ọmọdé.

Ìrántí ló bí mẹ́nù. Nígbà tí The Legend of Zelda dé Amẹ́ríkà ní 1987, bátìrì wà nínú eré náà tí ó ń jẹ́ kí ó rántí ibi tí ènìyàn dé dúró. Ṣùgbọ́n eré ló ń rántí nígbà náà, ẹ̀rọ kò tíì mọ nǹkan kan. Ní 1994 ni ìyípadà dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn Sega gbé Saturn jáde ní Japan, Sony sì gbé PlayStation tẹ̀lé e ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá. Àwo CD ni méjèèjì ń lò, ènìyàn kò sì lè kọ nǹkan kan sórí àwo náà. Níbo ni ìrántí yóò wà? Sony fi í sínú káàdì kékeré kan tí ó ní àyè 15, tí ènìyàn lè yọ, kí ó fi sápò, kí ó sì gbé lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Sega fi í sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì róbótó CR2032 tí ó ń mú un wà láàyè. Bí a bá tan èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì láìsí eré nínú rẹ̀, a ó rí ojú tí ènìyàn ti lè gbọ́ orin CD, tí ó sì ti lè wo ohun tí ó tọ́jú pamọ́, kí ó ṣe àdàkọ rẹ̀ tàbí kí ó pa á rẹ́.

Mo ní kí ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bátìrì Saturn yẹn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀. Nígbà tí ó bá kú, ìrántí ẹ̀rọ kú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa béèrè èdè àti ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tàn án bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Àdánù ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn Saturn tí ènìyàn lè ṣí fúnra rẹ̀, kí ó yọ bátìrì àtijọ́, kí ó fi òmíràn tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan sí i. Kò sí ẹni tí ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

PlayStation 2, tí ó jáde ní Japan ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2000, tí ó sì dé Yúróòpù ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ni ẹ̀rọ tí ó yẹ kí òpìtàn ní ìhà tiwa kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa. Ó lé ní mílíọ̀nù 150 tí wọ́n tà káàkiri ayé, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó wọ̀lú wa gẹ́gẹ́ bí àlòkù láti Yúróòpù, tí àwọn oníyàrá eré ń gbé kalẹ̀ fún àwọn tí ń san owó lórí àkókò tàbí lórí ìdíje bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Mẹ́nù rẹ̀ kò ju ọ̀nà méjì lọ: ọ̀kan fún wíwo ohun tí ó wà nínú káàdì ìrántí àti lórí àwo, èkejì fún ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀rọ. Ní ọ̀nà kejì yìí ni agogo, ìwọ̀n ojú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà tí àwòrán àti ohùn ń gbà jáde, àti èdè wà. Káàdì ìrántí tirẹ̀ gba mẹ́gábáìtì 8.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí láìmọ ohun tí ó jẹ́ ni àwòrán tí ó máa ń hàn bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án: àwọn òpó tí ó dúró nínú òkùnkùn aláwọ̀ búlúù, tí ojú ẹni ń gba àárín wọn kọjá. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ̀rọ náà ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn eré tí ènìyàn ti ṣe sínú káàdì ìrántí, inú àkọsílẹ̀ yẹn ni àwọn òpó náà sì ti ń jáde. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni òpó ń pọ̀, bí a bá sì ṣe ń tan eré kan léraléra ni òpó tirẹ̀ ń ga. Ẹni tí káàdì rẹ̀ jẹ́ tuntun kò ní rí òpó kankan. Kò sí ibì kankan nínú mẹ́nù tí wọ́n ti ṣàlàyé èyí. Ìtàn lílò ẹ̀rọ ni, tí wọ́n fi àwòrán kọ, tí ẹni tí ó ni ín sì lè fi sápò lọ ibi tí ó bá fẹ́. Ilé-iṣẹ́ kò rí i. Íntánẹ́ẹ̀tì kò gbé e lọ síbì kankan. Lójú tèmi, kò sí mẹ́nù ẹ̀rọ eré mìíràn tí ó tún bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó rà á tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? PlayStation 2 tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù mọ èdè méje: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Sípéènì, Jámánì, Ítálì, èdè àwọn ará Netherlands àti Potogí. Ẹni tí ó bá ra àlòkù lè bá a ní èdè èyíkéyìí tí ẹni àkọ́kọ́ yàn, kí ó sì máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ èdè wà nínú èdè tí kò gbọ́. Faransé ni àwa yàn ní gbogbo ibi tí mo ti rí i, nítorí òun ni ilé-ìwé fi kọ́ wa. Yorùbá kò sí nínú rẹ̀, kò sì tíì sí nínú mẹ́nù ẹ̀rọ eré Sony, Nintendo tàbí Microsoft títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Microsoft kan náà ti ṣe Windows tí ó ní ojú Yorùbá. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rò pé ẹni tí kò lè kà á kò lè lò ó. Mẹ́nù kékeré dúró sójú kan. Ọ̀nà ni ènìyàn ń kọ́, bí a ṣe ń kọ́ ọ̀nà oko: sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tẹ àgbélébùú, yà sọ́tùn-ún, tẹ àgbélébùú. Ẹni tí kò mọ̀wé ń fi han ẹni tí ó mọ̀wé.

Àgbélébùú yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Lórí manette Sony, àmì róbótó ni a ń fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ní Japan, àgbélébùú sì ni a fi ń kọ̀, nítorí pé nínú àṣà wọn àmì róbótó ni olùkọ́ ń fi sí ìdáhùn tí ó tọ́, a sì ń fi àgbélébùú sí èyí tí kò tọ́. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wọ́n yí i padà: àgbélébùú di bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù ni ẹ̀rọ ti dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà àgbélébùú ni bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ àwa pẹ̀lú. Ní 2020, nígbà tí PlayStation 5 dé, Sony sọ àgbélébùú di bẹ́ẹ̀ ni ní Japan náà. Ogún ọdún ó lé ti àṣà ọwọ́ ni wọ́n yí padà láti inú mẹ́nù, kò sì sí ẹni tí ó bi àwọn ọlọ́wọ́ léèrè.

Xbox ti Microsoft (2001) ni ó gbé díìsìkì tí ó gba gígábáìtì 8 sínú ẹ̀rọ eré. Ènìyàn lè fi CD orin sínú rẹ̀, kí ó ṣe àdàkọ orin náà sínú ẹ̀rọ láti inú mẹ́nù, kí ó sì máa gbọ́ ọ nínú àwọn eré tí ó bá fàyè gbà á. Ẹni tí ó ní CD Angélique Kidjo lè sáré ọkọ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n díìsìkì yẹn kan náà ló ṣílẹ̀kùn fún ohun mìíràn: bí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ṣe lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà lè kọ ọ́ láti ọ̀nà jíjìn, bí ó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá 2008, àwọn tí ó so Xbox 360 wọn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì bá mẹ́nù mìíràn lójú tẹlifíṣọ̀n wọn. Èyí tí ó wà níbẹ̀ láti 2005, tí ó dà bí ojú-ìwé tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti lọ. Ó wu àwọn kan, ó bí àwọn mìíràn nínú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ènìyàn fi lè dá ti àtijọ́ padà. Ọ̀nà tí a ti kọ́ mọ́wọ́ kò sí mọ́.

Èyí tí ó ṣe kókó jù ni ti PlayStation 3. Nígbà tí ó jáde ní 2006, nǹkan kan wà nínú mẹ́nù rẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ eré àwọn yòókù: ènìyàn lè fi ètò mìíràn bíi Linux sínú rẹ̀, kí ó sì sọ ẹ̀rọ eré di kọ̀ǹpútà. Sony fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, ó sì polówó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lò ó. Ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà so ẹ̀rọ tí ó lé ní 1,700 pọ̀ di kọ̀ǹpútà ńlá kan. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2010, Sony fi àtúnṣe 3.21 ránṣẹ́, ìlà yẹn sì pòórá nínú mẹ́nù. Ààbò ni wọ́n ní ìdí rẹ̀ jẹ́. A kò fipá mú ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ: ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ àtúnṣe náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ kò ní lè wọ ibi tí a ti ń bá ara wa ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, eré tuntun tí ó bá sì nílò àtúnṣe kò ní ṣí fún un. Àwọn oníbàárà pe ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ náà sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi owó díẹ̀ parí rẹ̀. Ìlà mẹ́nù náà kò padà. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì fún òpìtàn ju ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà jáde lọ, nítorí òun ló fi hàn gbangba pé mẹ́nù kì í ṣe apá kan ohun tí a rà. Ilé-iṣẹ́ lè gbà á padà.

Ti Nintendo rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló lọ. Wii (2006) to mẹ́nù rẹ̀ bí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n: ìkànnì ìròyìn, ìkànnì ojú ọjọ́, ìkànnì ọjà. Ó sì ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ eré tí a ṣe àti bí ó ṣe pẹ́ tó, ẹnikẹ́ni kò sì lè pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́. Ẹ ronú nípa ọmọ tí ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń kàwé. Ìkànnì ìròyìn àti ti ojú ọjọ́ dákẹ́ ní oṣù kẹfà 2013, ìkànnì ọjà sì tì ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní 2019. Àwọn àpótí náà ṣì wà lójú mẹ́nù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè rà nínú rẹ̀. Ọjà Wii U àti 3DS tẹ̀lé e ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2023, ti Xbox 360 sì tì ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2024.

Ní 2021 ni bátìrì tí mo sọ níṣàájú padà wá. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún yẹn, Sony kéde pé òun yóò ti ọjà PlayStation 3 àti ti àwọn ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, PSP àti Vita. Ìbínú pọ̀ débi pé ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ó yí ọ̀rọ̀ padà lórí PlayStation 3 àti Vita. Ṣùgbọ́n ìkéde náà ti mú kí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ inú àwọn ẹ̀rọ náà wò, ohun tí wọ́n rí sì kọjá ọ̀rọ̀ ọjà. Nínú PlayStation 4 (2013), bátìrì CR2032 wà fún agogo gẹ́gẹ́ bíi ti Saturn. Bí ó bá kú tàbí tí a yọ ọ́, ẹ̀rọ náà ní láti bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó tún gba agogo gbọ́. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí bí ilé-iṣẹ́ bá ti pa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀, eré kò ní ṣí, títí kan èyí tí ó wà lórí àwo tí ènìyàn fi owó rà tí ó sì mú dání. Ìdí rẹ̀ kò ju àmì-ẹ̀yẹ tí ẹ̀rọ ń fún àwọn tí ń ṣeré lọ: wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agogo èké gba àmì-ẹ̀yẹ. Sony tún un ṣe nínú àtúnṣe 9.00 ní oṣù kẹsàn-án 2021, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá rí àtúnṣe yẹn gbà ṣì wà bí ó ṣe wà, ẹ̀rọ àlòkù tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì tó dára sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ fi èyí wé PlayStation 2 tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Bátìrì kan náà ni, ikú kan náà ni. Ti PlayStation 2 bi ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ léèrè ohun tí agogo lù, ó sì gba ohun tí ó sọ gbọ́, ìbáà jẹ́ irọ́.

Iṣẹ́ kan wà tí kò lè dúró. Káàdì ìrántí PlayStation 2 ṣì wà nínú àpótí àti lábẹ́ tábìlì àwọn tí ó ti ní yàrá eré rí, wọ́n sì ń dà wọ́n nù pẹ̀lú okùn iná àti manette tí ó ti bàjẹ́. Nínú káàdì kọ̀ọ̀kan ni òpó wà, tí ó ń sọ eré tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò kan àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é tó, ohun tí ìwé kankan kò kọ sílẹ̀ fún wa nípa Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọdún 2000 sí 2010. PlayStation 2 kan tí ó ń ṣiṣẹ́ àti fóònù tí ó lè ya fídíò ló tó fún un: a ó fi káàdì sí i, a ó tàn án láìfi àwo eré sí i, a ó ya àwọn òpó náà, a ó sì wọ inú mẹ́nù láti ya àkójọ ohun tí wọ́n tọ́jú pamọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ ibi tí káàdì ti wá sẹ́yìn rẹ̀, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín bóyá agogo ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń pé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọjọ́ yẹn ni ẹni tí ó ń kánjú ṣeré kàn tẹ̀ kọjá.